Ta ni àlejò lórí ilẹ̀ tí bàbá bàbá rẹ̀ gbin kòkó sí?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá lọ́yà. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, lọ́nà Ọ̀dà. Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni màmá mi, ọmọ Ifẹ̀ sì ni ìyàwó mi. Nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ní 2000, ẹ̀gbọ́n màmá mi sá wá bá wa pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Kò padà sí oko kòkó rẹ̀ títí ó fi kú. Ní báyìí, èmi náà fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kan lápá Òfòsù kí n fi gbin kòkó, wọ́n sì ní ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí ẹni tó gba ilẹ̀ ń san fún onílẹ̀, ni kí n máa san. Màmá mi ní kí n má dán an wò. Bàbá ìyàwó mi ní àwọn ará Modákẹ́kẹ́ ló ya aláìmoore, pé àlejò kì í di onílẹ̀. Ẹnì kan tún sọ fún mi pé òfin tí ìjọba ológun ṣe ti pa ìṣákọ́lẹ̀ rẹ́. Èwo ni òótọ́ níbẹ̀? Ṣé kí n gba ilẹ̀ náà?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ìbéèrè yín pọ̀, ṣùgbọ́n tí a bá tú u palẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń kọ yín lóminú: bí ẹ bá gbin kòkó sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ṣé wọn ò ní lé àwọn ọmọ yín kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ò bá sí mọ́? Ẹ̀rù tó yẹ kó ba èèyàn ni. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti di lọ́yà ní Àkúrẹ́ níbí, Ifẹ̀ ni mo sì ti kàwé, nítorí náà bí lọ́yà ni n ó ṣe dá yín lóhùn, kì í ṣe bí òpìtàn ààfin. Òpìtàn ààfin ò ní ṣàì gbè sẹ́yìn ẹni tó ń bọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti màmá yín àti ti àna yín. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn, kálukú kàn bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ibi tó wù ú ni. Àna yín bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gba àlejò sílé. Màmá yín bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ń fi ojú ẹrú wo àlejò náà. Àwọn tó wà lókèèrè máa ń ní ìjà ẹ̀yà ni. Ẹ̀yà wo? Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, wọ́n sì ń fẹ́ra wọn títí di òní, ilé ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀rí. Àwọn mìíràn á ní ìjà ta ló kọ́kọ́ dé ni. Ìyẹn náà kọ́. N ò tíì bá ọmọ Modákẹ́kẹ́ kan pàdé tó sọ pé àwọn ló ṣáájú Ifẹ̀ dé orí ilẹ̀ yẹn. Ohun tó ń jà wọ́n ni pé, ẹni tí a gbà sílé, tó kọ́lé, tó bímọ, tó sin bàbá rẹ̀ síbẹ̀, ìgbà wo ni orúkọ àlejò yóò kúrò lára rẹ̀?

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ń tú ní àwọn ọdún 1830, tí ogun àwọn Fúlàní Ìlọrin ń ti àwọn ará Ọ̀yọ́ bọ̀ wá sí ìhà igbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ya wọ ilẹ̀ Ifẹ̀. Ifẹ̀ gbà wọ́n. Wọ́n ń bá onílé ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń bá a jagun, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni àjọgbé ń korò. Ọ̀ọ̀ni Abewéilá ló wá yọ wọ́n sọ́tọ̀ ní nǹkan bí 1847, tó fún wọn nílẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú. Ibẹ̀ ni Modákẹ́kẹ́. Ọ̀ọ̀ni náà ò pẹ́ wàjà tí ogun fi bẹ́ láàárín àwọn méjèèjì. Ifẹ̀ ló lọ gbógun tì wọ́n, Modákẹ́kẹ́ ló borí, àwọn ará Ifẹ̀ sì fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Ìsọ̀yà fún ọdún mélòó kan. Ẹ ro ó wò ná, kí onílẹ̀ máa ti ẹ̀yìn odi wo ilé rẹ̀, kí àlejò tó fún nílẹ̀ jókòó pẹ̀sẹ̀. Ìgbà tí inú bá ń bí yín sí ọ̀rọ̀ àna yín, ẹ rántí ìyẹn.

Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ní 1882. Ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ń lọ lọ́wọ́, Modákẹ́kẹ́ wà lẹ́yìn Ìbàdàn, Ifẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Èkìtì Parapọ̀, Ifẹ̀ sì tún tú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ tiwa: Dérìn Ológbenlá tí wọ́n yàn sípò Ọ̀ọ̀ni lásìkò náà, Òkè-Igbó tó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí ló jókòó sí, ìlú tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ dó, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní 1894. Nígbà tí òyìnbó bá wọn dá sí i, wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn àlàáfíà 1886 pé kí Modákẹ́kẹ́ kó kúrò lórí ilẹ̀ náà lọ sí àárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà, kí ẹni tó bá fẹ́ bá Ifẹ̀ gbé wọ inú Ifẹ̀ lọ. Wọn ò lọ. Ó di 1909 kí ìjọba òyìnbó tó tú wọn ká, tí ọ̀pọ̀ fi kọrí sí Òde-Òmu àti Gbọ̀ngán àti ibòmíràn. Ní 1922, Ọ̀ọ̀ni Adémilúyì gbà wọ́n padà.

Kí ló dé tó fi gbà wọ́n? Lójú tèmi, kòkó ló pọ̀ jù nínú ìdí rẹ̀. Kòkó ti wọ ilẹ̀ Ifẹ̀, igbó wà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ọwọ́ tí yóò ṣán an ni kò tó. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ̀lú mi, torí gbogbo ogun tí mo kà sílẹ̀ yẹn, mi ò kà wọ́n sí tó kòkó.

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá gba ilẹ̀ á gbin iṣu, á gbin àgbàdo, á kó irè rẹ̀, ilẹ̀ á sì sinmi. Bí ọdún bá yí, á mú iṣu díẹ̀, obì àti ẹmu lọ kí onílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe owó ilé, ìjẹ́wọ́ ni: mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Bí àárín wọn bá bàjẹ́, àlejò á di ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, á wá ibòmíràn lọ, kò sí ohun ńlá tó fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Kòkó ò rí bẹ́ẹ̀. Á tó ọdún 3 sí 5 kó tó so, á sì máa so fún 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣà ní igi tí àlejò gbìn, ti àlejò ni, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ti onílẹ̀ ni. Ó dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí ni onílẹ̀ fẹ́ fi ilẹ̀ tó wà lábẹ́ igi kòkó ẹlòmíràn ṣe? Kò lè dáko sí i, kò lè tà á fẹ́nì kan kí ariwo má ta. Àlejò náà ò lè ta igi rẹ̀ láìgba àṣẹ, kò lè wú u gbé lọ, bó bá sì kú, ọmọ rẹ̀ jogún igi lórí ilẹ̀ tí kò jogún. Àwọn méjèèjì ló ní nǹkan, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí tirẹ̀.

Ìṣákọ́lẹ̀ náà sì yí padà. Dípò iṣu àti obì, kòkó tí wọ́n ń wọ̀n ni wọ́n ń gbà, bí owó kòkó bá sì ti gòkè lọ́jà òyìnbó, ìjẹ́wọ́ ti di owó gidi nìyẹn. Ọmọ-ọmọ onílẹ̀ tó ń gbé ìgboro ń fojú sọ́nà fún un bí ẹni ń retí owó oṣù. Ọmọ-ọmọ àlejò tó ń fọ́ kòkó nínú òjò kì í rí onílẹ̀ àfi nígbà ìkórè. Lẹ́yìn ogun Hitler, tí kòkó gbówó lórí, àwọn ará Modákẹ́kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ò san mọ́, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, onílẹ̀ ló jàre. Ẹjọ́ parí, ìjà ò parí.

Ẹni tó sọ fún yín pé òfin ológun ti pa ìṣákọ́lẹ̀ rẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ nígbà náà ló sọ, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Abala 36 rẹ̀ sọ pé ẹni tó ni ilẹ̀ oko tàbí tó ń lò ó kí òfin tó dé, kó máa lò ó lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kó ẹni tó ni ín àti ẹni tó ń lò ó sínú gbólóhùn kan náà. Àlejò kà á, ó ní, "Èmi ni mò ń lò ó, n ò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́." Onílẹ̀ kà á, ó ní, "Èmi ni mo ni ín." Ọdún 13 gbáko kọjá kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó là á mọ́lẹ̀ ní 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, pé òfin náà ò sọ àlejò di onílẹ̀, ohun tó wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀ ṣì wà. Lónìí, ẹni tó gba ilẹ̀ lábẹ́ àṣà tó wá dìde sọ pé onílẹ̀ kì í ṣe onílẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ṣe ara rẹ̀, wọ́n lè gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé adájọ́ kì í sáré ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá rí i pé ẹni náà ti pẹ́ lórí ilẹ̀, tó sì ṣe tán láti tọrọ àforíjì, owó ìtanràn ni wọ́n sábà máa ń ní kó san.

Ti òṣèlú ò gùn lẹ́nu mi. Ọ̀ọ̀ni Adérẹ̀mí jọba láti 1930 títí di 1980, ó kú, nígbà tí yóò fi di oṣù kẹrin 1981 ìbọn ti ń dún. Ìbò 1983 tún dá a sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1996, ìjọba Abacha dá ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Ifẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń gbé ọ́fíìsì rẹ̀ káàkiri láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ìyẹn ló fa ìjà oṣù kẹjọ 1997 tó ń jó rẹ̀yìn tó tún ń ru sókè títí wọ 2000, èyí tó lé ẹ̀gbọ́n màmá yín dé Ọ̀dà. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn olóṣèlú ló fà á. Olóṣèlú ló ṣáná sí i, ṣùgbọ́n igi gbígbẹ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Àlejò tó bá ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ ti ní ìlú nìyẹn, ẹni tó bá sì ní ìlú, ta ni yóò tún pè é ní àlejò?

Àwọn tó kú ní 1997 sí 2000 nìkan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kà á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹnikẹ́ni tó bá gba àdúgbò Lagéré ní Ifẹ̀ kọjá nígbà yẹn á rí ilé tó kù ní ògiri nìkan, tí koríko hù nínú pálọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ni mo máa ń rò jù. Ọmọ Ifẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní Modákẹ́kẹ́, ọmọ Modákẹ́kẹ́ tó wà nílé ọkọ ní Ifẹ̀, apá ibo ni kí wọ́n sá sí? Nílé ọkọ, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń ta àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lólobó. Bó bá gbé ọmọ pọ̀n lọ sílé bàbá rẹ̀, ọmọ tó pọ̀n ni wọ́n ń wò láwòjìn, torí ọmọ ọ̀tá ni. Lóko ńkọ́? Kòkó pọ́n lórí igi, ẹnikẹ́ni ò tó bẹ́ẹ̀ láti wọlé lọ ká a, ó dúdú síbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ ẹ́, ewéko gba ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀, oko yẹn lowó ilé ìwé ọmọ. Mo mọ àwọn tó sá wá sí ìpínlẹ̀ wa níbí, tí wọ́n tún lọ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ mìíràn, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀.

Oko ẹ̀gbọ́n màmá yín, ẹ ò bi mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn yín. Àṣà ní ẹni tó bá pa ilẹ̀ tì, ilẹ̀ á padà sọ́dọ̀ onílẹ̀. Èmi á sọ níwájú adájọ́ pé ẹni tí ìbọn lé kúrò lóko kò pa oko tì, ṣùgbọ́n n ò lè fi dá yín lójú pé adájọ́ á gbà, pàápàá lẹ́yìn ọdún tó ti pọ̀ tó báyìí. Kí àwọn ọmọ rẹ̀ mú àgbà dání lọ bá ẹbí onílẹ̀ náà. Kí wọ́n má fi ìwé lọ́yà ṣáájú. Ìwé lọ́yà tó bá ti wọlé, àgbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á panu mọ́.

Ẹ má sì rò pé Ifẹ̀ nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ kòkó kan wà lápá Ìdànrè tí kóòtù kó gbogbo wa lọ wò. Ọmọ àlejò gbé agolo mílíìkì kan jáde, rìsíìtì ìṣákọ́lẹ̀ bàbá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1960, ewé ìwé ọmọ iléèwé ni wọ́n ya, wọ́n fi ìka tẹ yíńkì aláwọ̀ aró sí i. "Mo gba kòkó ìṣákọ́lẹ̀ ọdún yìí lọ́wọ́ lágbájá." Kò sí ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n ilẹ̀ sí. Adájọ́ yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó béèrè ibi tí ilẹ̀ pin sí. Bàbá arúgbó láti ìdílé onílẹ̀ tọ́ka sí ìlà pèrègún kan. Bàbá arúgbó kejì, tí wọ́n jọ ṣe kékeré, tọ́ka sí ìlà pèrègún mìíràn nísàlẹ̀. Akọ̀wé kóòtù ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó fọwọ́ kan ìdí ọ̀kan nínú wọn, erùpẹ̀ ibẹ̀ ṣì rọ̀. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí wọ́n gbìn ín. Àwọn bàbá méjèèjì ò wo ojú ara wọn.

Ó wá ku ti ẹ̀yin. Bí owó bá wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ ra ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbin kòkó sí ló wù mí jù, ṣùgbọ́n rírà náà ní ewu tirẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí ò bá lọ́wọ́ sí títà rẹ̀, ẹ ò ra nǹkan kan. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìfi tó àwọn àgbà ìdílé létí, wọ́n lè dìde lọ́la kí wọ́n tú u ká. Ọmọ onílẹ̀ tó yára ná owó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń mú èèyàn lọ wo ilẹ̀. Bí ẹ ò bá lágbára rírà, ẹ má gba ti ìṣákọ́lẹ̀ aláìníwèé tí wọ́n ń sọ yẹn. Ẹ bá wọn ṣe àdéhùn ọdún tó níye, bíi 40 tàbí 50, kí olórí ẹbí àti aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Kí sáfíọ̀ wọn ilẹ̀ náà. Kí ẹ kọ iye tí ẹ ó máa san àti bí yóò ṣe máa lọ sókè, kí ẹ sọ ọ́ ní náírà, kì í ṣe ní kòkó. Kí ẹ kọ ẹni tó ni ọ̀pẹ tí ẹ bá níbẹ̀, torí lábẹ́ àṣà, onílẹ̀ ló ni ín, ọ̀pẹ sì ti dá ìjà tó pọ̀ sílẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí igi kòkó bí ẹ bá kú, bí ẹ bá fẹ́ tà á, àti lọ́jọ́ tí ọdún àdéhùn bá pé. Àwọn kan máa ń pín oko sí méjì lọ́jọ́ náà, mo rí i pé ó dáa. Ẹbí yẹn lè kọ́kọ́ fajú ro pé ẹ ò fọkàn tán àwọn. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé ìwé náà ń ṣọ́ ilẹ̀ wọn, torí onílẹ̀ pẹ̀lú ń jìyà: mo ti gbẹjọ́ rò fún ìdílé tó yá èèyàn nílẹ̀, tí ẹni náà gé e tà ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì lẹ́yìn wọn.

N ò ní tàn yín, ìwé ò lè pa iná. Ní 1997, kò sẹ́ni tó ní kí onílé mú rìsíìtì wá kó tó sọná sí òrùlé. Ohun tí ìwé lè ṣe ni pé kó gbé aáwọ̀ lọ síwájú adájọ́ nígbà tó ṣì kéré, láàárín ìdílé méjì, kó tó di ti ìlú méjì.

Ẹ sọ pé apá Òfòsù ni ilẹ̀ náà wà. Ìyẹn ń kọ mí lóminú ju ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Igbó ìjọba Àkúrẹ́-Òfòsù, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní rìsáfù, gbòòrò gan-an, kòkó sì ti kún inú rẹ̀, kò sì sí ìdílé kan tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á tàbí láti gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí ìjọba bá dìde, wọ́n á gé kòkó lulẹ̀, ẹni tó gba owó yín ò ní sí ńlé. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ mú sáfíọ̀ tó ní ìwé àṣẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ sì gbé ìwé tó bá yà jáde lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ilẹ̀ ní Alágbàka, kí ẹ tún dé ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣọ́ igbó ìjọba, kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ó bọ́ sínú rìsáfù. Bó bá bọ́ sínú rẹ̀, ẹ kí ẹbí náà dáadáa, kí ẹ kó owó yín padà sílé. Bí kò bá bọ́ sínú rẹ̀, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.